Géèmù Tí Wọ́n Ń Bù Tà

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo mọ̀ pé ẹ̀rín máa ń pa yín bí ẹ bá rí àgbàlagbà tó di páàdì mú, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń ta géèmù láti ayé tí a máa ń fẹnu fẹ́ ìdí kásẹ́ẹ̀tì Nintendo kó tó ṣiṣẹ́ kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà náà, ẹni tó bá ra géèmù ti rà á tán. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti òpin rẹ̀ wà nínú kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, àléébù rẹ̀ náà wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa wá kanlẹ̀kùn yín lẹ́yìn oṣù mẹ́ta pé ìyókù wà lọ́wọ́ òun. Lónìí, wọ́n ń bù ú tà. Wọ́n á ta apá kan fún yín lónìí, wọ́n á ta apá kan nígbà òjò, wọ́n á sì gbé èyí tó kù wá nígbà tí ọwọ́ yín bá tún dẹ̀. DLC lẹ ń pè é. DLC náà ni n ó máa pè é.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi kò pọ̀: ọjọ́ tí ẹ bá ra géèmù ló ń sọ iye tí ẹ rà á. Iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara páálí, owó ìwọlé lásán ni. Ọ̀pọ̀ yín ló sì ń rà á lọ́jọ́ tó wọ́n jù lọ ní gbogbo ayé rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ tó jáde.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sí ọdún 2006. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, Bethesda, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ṣe The Elder Scrolls IV: Oblivion, gbé ìhámọ́ra ẹṣin kan sọ́jà lórí íntánẹ́ẹ̀tì Xbox 360, wọ́n ní dọ́là 2.50 ni. Ẹṣin inú géèmù o, tí yóò wọ irin inú géèmù. Gbogbo ayé fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ṣì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ dòní. Síbẹ̀ àwọn èèyàn ń rà á. Ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ti rí i pé ẹni tó ti sanwó lẹ́ẹ̀kan ṣeé tọrọ owó lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, pàápàá bí ara rẹ̀ bá ti gbóná sí eré náà.

Bethesda yìí kan náà gbé Fallout 3 jáde ní oṣù kẹwàá 2008, dọ́là 60 lórí kọ̀ńsóòlù. Géèmù ńlá ni, mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ já lójijì. Bí ẹ bá ti ṣe iṣẹ́ ìkẹyìn, ó tán nìyẹn, ẹ kò lè máa rìn kiri nínú ayé náà mọ́. Àwọn oníbàárà bínú gidi. Nígbà tó di oṣù karùn-ún 2009, DLC kan dé tí wọ́n ń pè ní Broken Steel, dọ́là 10. Òun ló jẹ́ kí eré náà máa lọ lẹ́yìn òpin, tó sì sún ibi tí agbára akọni inú rẹ̀ lè ga dé láti ipele 20 lọ sí 30. Ẹ wo ọgbọ́n yẹn dáadáa: òpin tí kò tẹ́ni lọ́rùn wà nínú 60, oògùn rẹ̀ wà nínú 10.

DLC márùn-ún ni Fallout 3 ní lápapọ̀, dọ́là 10 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ra géèmù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó sì ń ra àwọn DLC bí wọ́n ṣe ń bọ́ sílẹ̀, ti ná dọ́là 110. Ní oṣù kẹwàá 2009, wọ́n kó géèmù àti DLC márààrún pọ̀ sínú páálí kan, wọ́n pè é ní Game of the Year Edition, iye rẹ̀ kò sì ju ohun tí ẹni àkọ́kọ́ fi ra géèmù lásán lọ. Ọdún kan péré ló wà láàárín àwọn oníbàárà méjì yìí. Ẹni tó dúró rí géèmù tó pé, ó rí èyí tí wọ́n ti tún ibi tó bàjẹ́ ṣe, ó sì ní dọ́là 50 lápò.

Láti ìgbà náà ni àwọn tó gbọ́n nínú àwọn oníbàárà ti kọ́ bí a ṣe ń dúró. Bí géèmù tuntun bá jáde lónìí, ohun àkọ́kọ́ tó ń sọ sí wọn lọ́kàn ni pé èyí kò tíì pé, kí àwọn fi í sílẹ̀ ná. Ẹ ò rí i pé DLC tí wọ́n dá sílẹ̀ láti fi kún owó ọjọ́ àkọ́kọ́ ló wá ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò ní ọjọ́ àkọ́kọ́?

Àwọn ilé-iṣẹ́ náà kì í ṣe ọmọdé, wọ́n tètè rí i. Wọ́n wá ohun tí wọ́n máa fi fa ẹsẹ̀ àwọn èèyàn padà. Wọ́n ní ẹni tó bá sanwó sílẹ̀ kí géèmù tó jáde, àwọn á fún un ní aṣọ kan tàbí ìbọn kan tí ẹlòmíràn kò ní rí. Wọ́n tún gbé season pass dé: ẹ san owó gbogbo DLC tí a ṣì máa ṣe báyìí, a óò dín in kù díẹ̀ fún yín. Owó ọbẹ̀ tí wọn kò tíì gbé kaná nìyẹn. Nígbà tí Batman: Arkham Knight jáde ní oṣù kẹfà 2015, dọ́là 40 ni season pass rẹ̀, yàtọ̀ sí owó géèmù fúnra rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún kọ̀ǹpútà burú débi pé láàárín ọjọ́ díẹ̀ Warner Bros. tó gbé e jáde fọwọ́ ara wọn dá títà rẹ̀ dúró, ó di oṣù kẹwàá kí wọ́n tó gbé e padà sórí àtẹ. Àwọn kan ti sanwó àfikún sílẹ̀ fún géèmù tí kò tíì ṣeé fi ṣeré rárá. Oṣù kẹfà yẹn kan náà ni Steam, ọjà géèmù kọ̀ǹpútà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó padà fún ẹni tó bá kábàámọ̀, bí kò bá tíì pé ọjọ́ 14 tó rà á, tí kò sì tíì lo wákàtí méjì lórí rẹ̀. Ẹ̀yin oníkọ̀ǹpútà, ẹ fi èyí sọ́kàn. DLC náà wà nínú rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹ kò bá tíì fi wákàtí méjì ṣe géèmù ọ̀hún láti ìgbà tí ẹ ra DLC.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń da àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láàmú: ṣé òótọ́ ni pé wọ́n máa ń gé lára géèmù kí wọ́n lè rí nǹkan tà? Ní oṣù kẹta 2012, BioWare gbé Mass Effect 3 jáde. Lọ́jọ́ tó jáde gan-an ni DLC kan ti wà lórí àtẹ, From Ashes, dọ́là 10, tó mú ẹnì kan tó ń jẹ́ Javik wọ inú ìtàn. Ọmọ ẹ̀yà Prothean ni Javik, ẹ̀yà tó ti parun, tí gbogbo ìtàn géèmù yẹn ti ń tọ́ka sí láti Mass Effect àkọ́kọ́ ní 2007. Ariwo sọ. Ilé-iṣẹ́ ní lẹ́yìn tí iṣẹ́ orí géèmù gangan ti parí ni àwọn ṣe DLC náà. Àwọn olùṣeré tú inú CD wò, wọ́n sì bá díẹ̀ lára Javik níbẹ̀.

Èmi gba ilé-iṣẹ́ gbọ́ dé ìwọ̀n kan. CD gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ọjọ́ ọjà tó pé, torí àyẹ̀wò wà, títẹ̀ wà, kíkó káàkiri ayé wà. Ẹni tó ń ya àwòrán kò ní jókòó máa ka ìka ọwọ́ rẹ̀ ní gbogbo àkókò náà. Ó sì yẹ ká rántí pé dọ́là 60 ni géèmù ńlá wà láti nǹkan bí 2005 títí di 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ sí 70, bẹ́ẹ̀ owó tí wọ́n fi ń ṣe é ti gun òkè lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Wọ́n ní láti rí i ṣà níbìkan. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ẹni tí wọ́n lè tà lọ́tọ̀, kí ló dé tó fi jẹ́ Prothean ni? Ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ mi dé dúró. Ti Street Fighter X Tekken, tó jáde lóṣù kan náà pẹ̀lú Mass Effect 3, kò tilẹ̀ ní àwáwí: oníjà 12 wà nínú CD tí èèyàn ti fi owó rẹ̀ rà, wọ́n kàn tì wọ́n pa ni, kí ẹ tún wá san owó kọ́kọ́rọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ariwo tàn yín. Mass Effect 3 tà wàràwàrà. Àwọn tó pariwo jù ni wọ́n tò sórí ìlà. Ìgbà tí DLC bá ti ba ojú géèmù jẹ́ kí ó tó jáde ni àwọn èèyàn máa ń yà kúrò lóòótọ́, bíi ti Evolve ní oṣù kejì 2015. Kí géèmù náà tó jáde ni wọ́n ti to ẹranko àti ọdẹ títà sórí àtẹ kítikìti. Ẹni tó wò ó rí àtẹ kí ó tó rí géèmù. Nígbà tó di oṣù keje 2016, ọ̀fẹ́ ló dà lórí kọ̀ǹpútà. Ní oṣù kẹsàn-án 2018 wọ́n pa sáfà rẹ̀. N kò ní sọ pé DLC nìkan ló pa á, eré náà fúnra rẹ̀ tètè ń súni, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ fọ́ ọ lójú.

DLC tó dára wà o. The Witcher 3 tí CD Projekt Red ti Poland ṣe jáde ní oṣù karùn-ún 2015, DLC kéékèèké 16 ni wọ́n fún gbogbo èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Méjì péré ni wọ́n tà, Hearts of Stone ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn àti Blood and Wine ní oṣù karùn-ún 2016. Ìkejì yẹn tóbi débi pé ní The Game Awards 2016, òun ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn géèmù ìtàn akọni tó dára jù, àfikún lásán tó lu odindi géèmù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí oore yẹn dá sílẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni àìmọye èèyàn fi di ojú sanwó Cyberpunk 2077, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan náà, ní oṣù kejìlá 2020. Kò pẹ́ tó jáde tí Sony fi gbé e kúrò nínú ọjà PlayStation, ó di oṣù kẹfà 2021 kó tó padà síbẹ̀. Nígbà tí DLC rẹ̀ Phantom Liberty wá jáde ní oṣù kẹsàn-án 2023, tó sì dára gan-an, wọn kò ṣe é fún PS4. Ẹni tó fi PS4 ra Cyberpunk lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó fara da gbogbo ìyà rẹ̀, kò lè fọwọ́ kan ìdajì tó dùn. Mo mọ iye yín tí PS4 ṣì wà nílé yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́.

Ó tún ku ti àwa ará ìhín. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nǹkan bí náírà 460 ni dọ́là kan lọ́wọ́ ìjọba. Wọ́n tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún náà, kí 2024 sì tó parí ó ti kọjá 1,500. Géèmù dọ́là 70 tó jẹ́ nǹkan bí 32,000 náírà ti di 105,000. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù keje 2024 jẹ́ 70,000. Bẹ́ẹ̀ a ò tíì fọwọ́ kan DLC. A ò tíì fọwọ́ kan dátà náà, tí kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ mọ́ iye DLC, bẹ́ẹ̀ nígbà kan Call of Duty: Modern Warfare ti 2019 pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n ń fi kún un ju 200GB lọ. Lẹ́yìn tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì, gbà fún àwọn onífóònù ní oṣù kìíní 2025 kí wọ́n fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, ẹni tó bá fẹ́ ra DLC yẹ kó kọ́kọ́ béèrè pé GB mélòó ni.

Owó nìkan sì kọ́ ni wàhálà wa. Ọmọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Dùgbẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n kankan. Àǹtí rẹ̀ ló ra CD géèmù kan fún un láti London, CD náà sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó wá ra gíìfù káàdì Amẹ́ríkà, ó fi ra DLC, ó fi òru àti dátà wà á wálé. Géèmù ní òun kò rí DLC kankan. Mo ní kó gbé páálí wá. Igun ìsàlẹ̀ lápá òsì ni mo wò, mo bá nọ́ńbà 18 níbẹ̀ àti PEGI. PEGI ni àwọn ará Yúróòpù fi ń sọ ọjọ́ orí tó yẹ géèmù. Lẹ́tà ni ti Amẹ́ríkà, E tàbí T tàbí M, pẹ̀lú ESRB. CD Yúróòpù, DLC Amẹ́ríkà: lórí PlayStation, àwọn méjèèjì kì í mọ ara wọn.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ṣé kò sọ́nà àbáyọ ni?”

Mo ní ọ̀nà kan ló wà, kó wá ẹni tó ní CD Amẹ́ríkà tí yóò bá a pààrọ̀. Ó jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń yí páálí náà síwá sẹ́yìn bíi pé nọ́ńbà yẹn máa di lẹ́tà.

Ẹ kíyè sí i pé CD yẹn ṣeé pààrọ̀. DLC kò ṣeé pààrọ̀ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. CD tí ẹ bá ti ṣe tán, ẹ lè gbé e wá fún mi kí n san díẹ̀ lórí rẹ̀, ẹlòmíràn á sì rà á lọ. Owó DLC ti wọlé sínú àkáǹtì, ibẹ̀ ló sì ń kú sí. Ọjà CD àlòkù gan-an ló wà lára ohun tí wọ́n fi DLC bá jà. Ní 2010, EA, ilé-iṣẹ́ tó ṣe FIFA, bẹ̀rẹ̀ sí í fi kóòdù kan sínú páálí tuntun. Ẹni tó bá ra àlòkù tó sì fẹ́ ṣeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì á san nǹkan bí dọ́là 10 kó tó rí tirẹ̀. Wọ́n pa á tì ní 2013, ṣùgbọ́n èrò rẹ̀ kò kú.

Ẹ̀yin ọmọ bọ́ọ̀lù, mi ò gbàgbé yín. Oṣù kẹta 2009 ni Ultimate Team, níbi tí ẹ ti ń ra páàkì láti fi kó agbábọ́ọ̀lù jọ, kọ́kọ́ wọ FIFA 09, bí DLC lásán. Ní ọdún ìṣúná 2024, irú owó tó ń wọlé lẹ́yìn tí èèyàn ti ra géèmù tán ju ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo owó EA lọ. Ẹ̀yin lẹ ń san án, ní páàkì kọ̀ọ̀kan. Láti FIFA 19 ni wọ́n ti ń kọ ìṣeéṣe sára páàkì. Ẹ fara balẹ̀ kà á kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́: lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù tí ẹ ń wá, ohun tí ẹ máa rí ni pé kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Belgium ní tẹ́tẹ́ ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀, EA sì dá títà FIFA Points, owó inú géèmù tí wọ́n fi ń ra páàkì, dúró níbẹ̀ ní oṣù kìíní 2019. Bí oṣù kẹsàn-án bá tún pé, géèmù tuntun á jáde, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí ẹ fi owó kó jọ kò ní bá yín débẹ̀. Ẹni tó ń ṣírò pé géèmù bọ́ọ̀lù lọ́dún kan jẹ́ dọ́là 70 kò tíì ṣírò. Kó lọ wo ohun tó kúrò ní káàdì rẹ̀ láti oṣù kẹwàá sí oṣù kẹfà. Tí àròpọ̀ yẹn bá tó ra géèmù mẹ́ta míì, a jẹ́ pé géèmù mẹ́ta tí kò rà nìyẹn.

Ohun tí ẹ rà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹlòmíràn ló ń bá yín ṣọ́ ọ. Ní oṣù kọkànlá 2020, Bungie kó ìtàn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ géèmù wọn Destiny 2, àti DLC méjì tí àwọn èèyàn ti sanwó lé lórí, Curse of Osiris àti Warmind, kúrò nínú géèmù pátápátá.

Àwọn kan nínú yín á ní, “Bàbá, bí gbogbo wa bá ń dúró, ta ni yóò ra tuntun tí ilé-iṣẹ́ yóò fi rí owó ṣe DLC?” Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Àwọn tó ń gba dọ́là lóṣù pọ̀ lágbàáyé, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ ṣáájú. Bí ẹ bá sì mọ̀ dájú pé ilé-iṣẹ́ kan kò já yín kulẹ̀ rí, tí owó náà kò sì dá nǹkan kan dúró nílé, ẹ rà á lọ́jọ́ àkọ́kọ́, n kò bínú. Géèmù lásán ni kí ẹ rà ṣá. Ẹ fi DLC sílẹ̀ títí ẹ ó fi ṣe géèmù náà dé ìdí. Àwọn kan sáré ra Shadow of the Erdtree, DLC Elden Ring, ní dọ́là 40 ní oṣù kẹfà 2024, kí wọ́n tó wá gbọ́ pé ẹni tí kò bá tíì pa Radahn àti Mohg, àwọn ọ̀tá líle méjì, nínú géèmù gangan kò lè wọ ibẹ̀. Ẹni tí Radahn ṣì ń lù lálaalẹ́, DLC kí ló ń rà?

Géèmù tí èèyàn ń dá ṣe ni gbogbo ìdúró tí mo ń sọ yìí wà fún. Èyí tí ẹ máa bá ọ̀rẹ́ ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ṣeé dúró dè, torí èrò ló ń mú un dùn, èrò kì í sì í pẹ́ tú ká. Irú ìyẹn, ẹ bi àwọn tí ẹ jọ ń ṣeré kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Bí púpọ̀ nínú wọn bá máa rà á, kí ẹ jọ rà á lọ́sẹ̀ kan náà. Bí wọn kò bá rà á, ẹ má rà á rárá, ì báà di ọ̀fẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀.